Àsè fún Ẹni Tí A Kò Rí

Ní Kutaísì, ní Jọ́jíà, nísàlẹ̀ àwọn òkè Kọ́kásù,
lọ́dún tí iná mànàmáná ń wá bí àlejò tí kò fẹ́ràn onílé,
Mzevinari á jí kí àkùkọ tó kọ,
á fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́,
á di irun funfun rẹ̀ sínú aṣọ,
á sì dáná oúnjẹ
fún àwọn tí ẹnu wọn kò tó ẹnu abẹ́rẹ́.

Kì í ṣe ọbẹ̀ ọkọ. Ọkọ ti kú.
Kì í ṣe ti ọmọ. Ọmọ wà lókè òkun,
lẹ́tà kan lọ́dún, bó bá rántí.
Omi ẹran màlúù ni, tí a sè
títí ẹran fi gbàgbé pé òun ti jẹko rí.
Iyọ̀, gíráàmù márùn-ún; kò lé, kò dín.
Lẹ́yìn náà ló bu ìyẹ̀fun ewé òkun.
Ágà ni wọ́n ń pè é.
Kì í ṣe àga tí à ń jókòó lé,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé, mo rò ó títí,
orí rẹ̀ náà ni àlejò yóò jókòó sí,
tí yóò na ẹsẹ̀, tí yóò bímọ, tí ọmọ rẹ̀ yóò bímọ,
kí ilẹ̀ tó mọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo ṣàwàdà: "Ẹ tọ́ ọ wò, ìyá."
Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tó tutọ́ sí kànga.
"Bébà ló ń tọ́ èyí wò, kì í ṣe ahọ́n."
Ó ki bébà bọ̀ ọ́. Bébà di àwọ̀ ewé tútù.
"Ó dọ́gba. Kò kan, kò korò."

Ó hó, ó mọ́, ó pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì.
A rọ ọ́ sígò, a fi òwú dí i lẹ́nu,
a tò ó sínú ìkòkò irin ńlá,
a fi ìdè mẹ́fà ti ìdérí rẹ̀ pa.
Kí ooru dé mọ́kànlélọ́gọ́fà,
kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún:
ohunkóhun tó bá ń mí nínú rẹ̀ yóò dákẹ́.

Ìṣẹ́jú méje pé. Iná lọ.

Èmi ṣépè. Òun kò fọhùn.
Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó ru ẹ̀ka àjàrà gbígbẹ wá,
a gbé ìkòkò sórí ààrò,
ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀.
"Ṣebí méje ti lọ? Ẹ jẹ́ ká fi mẹ́jọ kún un."
"Àbọ̀ ikú kì í pa ẹnikẹ́ni," ló wí.

Nígbà tí ìgò tutù débi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè gbà á mọ́ra,
ó tan fìtílà, ó ní kí n má mí síbẹ̀.
Ó ṣí ìdérí àwo díẹ̀,
bí ajigbèsè ṣe ń yọjú wo ẹni tó ń kanlẹ̀kùn,
ó dà á, ó bò ó.
Àwo mẹ́tàlélógún. Wọ́n dì bí ẹ̀kọ, wọ́n ń dán.
A da ojú wọn délẹ̀
kí òógùn ara wọn má baà kán lé wọn lórí.

Àwo kan kò gba nǹkan kan.
Òfìfo ló sùn nínú ooru mọ́jú,
kó lè jẹ́rìí sí ọwọ́ wa.
Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ.

Àwo kejì gba òwú tí wọ́n fi nu ọgbẹ́
Tsiala, ọmọ alábúrẹ́dì, ọmọ ọdún mẹ́fà,
ibà ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Mo ní: ìyá, irú àsè wo la ń sè
fún ẹni tó fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ?
Ó ń fọ ìkòkò, kò wẹ̀yìn.
"Ẹni tí ebi ń pa kì í sọ orúkọ rẹ̀.
Fún un jẹ. Bó bá yó, á sọ."

Láàárọ̀, ó ti tò sójú àwo,
róbótó-róbótó, bí ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ wúrà.
Ó lẹ́wà. Ojú tì mí pé ó lẹ́wà.
Dókítà Kakabadze ka orúkọ rẹ̀, ó sáré jáde, kò de bọ́tìnnì ẹ̀wù.
Àwo òfìfo ṣì mọ́ bí ojú omi.

Iná dé ní agogo mẹ́wàá.
Kò sẹ́ni tó kí i káàbọ̀.